Bí Ojú Bá Ń Sunkún, A Máa Ríran

Mo kí ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ wa ní Abaji àti ní agbègbè rẹ̀. Mo kí ẹ̀yin tí ẹ wà ní Kwali, ní Gwagwalada, ní Koton-Karfe àti ní Lokoja. Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ yìí. Ẹlòmíràn wá láti Ìjẹ̀bú, ẹlòmíràn láti Èkìtì, ẹlòmíràn láti Ògbómọ̀ṣọ́, tàbí láti Kàbà tí kò jìnnà sí wa púpọ̀. Iṣẹ́ ìjọba ni ó gbé ẹlòmíràn wá, òwò ni ó gbé ẹlòmíràn wá, ọkọ ni ẹlòmíràn sì tẹ̀ lé. Àwọn àgbà ní àjò kò dùn kí onílé má re ilé. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wa ni àjò ti di ilé fún. A ti bímọ síbẹ̀, a sì ti sin òkú síbẹ̀ pẹ̀lú.

Ọ̀rọ̀ bíbí àti ọ̀rọ̀ sísin yìí ni mo fẹ́ bá yín sọ ní ìrọ̀lẹ́ òní. Kò pẹ́ púpọ̀ sẹ́yìn tí a pè mí sí ìsọmọlórúkọ kan ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ọdún mọ́kànlá ni tọkọtaya náà fi retí ọmọ kí Olúwa tó dá wọn lóhùn. A tọ́ oyin wò, a tọ́ iyọ̀ wò, a kọrin, a jó. Bàbá ọmọ kò lè parí ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ tí ó fẹ́ sọ, nítorí pé omijé gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ní ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, àdúgbò kan náà ni a tún ti pè mí, ṣùgbọ́n ìsìnkú ni lọ́tẹ̀ yìí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, àkọ́bí ìyá rẹ̀, ni àìsàn mú lọ, lẹ́yìn tí gbogbo ìjọ ti gbààwẹ̀, tí a ti gbàdúrà, tí a sì ti dá owó ilé ìwòsàn jọ. Nígbà tí mo jókòó, mo rí i pé àga tí a yá fún ìsọmọlórúkọ ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà ni a tún tò fún ìsìnkú. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó jókòó lé wọn lórí ni wọ́n jó ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Tibi tire ni a dá ilé ayé, ni àwọn baba wa wí. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn mo fi ojú ara mi rí i.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo lọ bá ìyá olóògbé náà nínú yàrá. Wọ́n jù mí lọ ní ọjọ́ orí. Wọ́n ń sunkún, èmi náà kò sì mọ ohun tí ǹ bá sọ. Nígbà tí ènìyàn kò bá mọ ohun tí yóò sọ, èyí tí ó bá ti wà lẹ́nu rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni ó máa ń sọ. Mo ní, “Ìyá, ẹ má sunkún mọ́. Ọlọ́run mọ ohun tí Ó ṣe.” Wọ́n gbé ojú sókè, wọ́n wò mí, wọ́n ní, “Bàbá, mo mọ̀ pé Ọlọ́run mọ̀ ọ́n. Èmi ni n kò mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ sọ fún mi ni pé, ní òru tí ọmọ mi ń kú lọ, ṣé Ó wà níbẹ̀?”

N kò lè dáhùn. Mo gba àdúrà kúkúrú, mo sì padà sílé. Ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí n sùn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá ìdáhùn tí n kò rí sọ, ìwọ̀nba díẹ̀ tí mo sì rí ni mo mú wá fún yín ní ìrọ̀lẹ́ yìí.

Ẹ̀yin ará, kì í ṣe ìyá yìí ni ẹni àkọ́kọ́ tí yóò bèèrè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Nínú Ìhìn Rere Jòhánù Mímọ́, orí kọkànlá, a kà nípa ìdílé kan ní Bẹ́tánì. Lásárù ṣàìsàn, Màtá àti Màríà, àwọn arábìnrin rẹ̀, ránṣẹ́ pe Jésù, Jésù kò tètè dé. Nígbà tí Ó dé, òkú ti di ọjọ́ mẹ́rin nínú ibojì. Lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn obìnrin méjèèjì sọ fún Un pé ìbá ṣe pé Ó wà níbẹ̀ ni, arákùnrin àwọn kì bá tí kú. Ẹ kíyè sí i: Jésù kò bá wọn wí. Kò sọ pé ìgbàgbọ́ wọn kéré. Kò sọ fún wọn pé kí wọ́n má sunkún mọ́, bí èmi ti sọ. Jòhánù sọ fún wa pé Jésù fúnra Rẹ̀ sunkún. Ó mọ̀ pé láìpẹ́ Òun yóò pe Lásárù jáde. Síbẹ̀ Ó kọ́kọ́ sunkún. Bí Ẹni tí ó ní agbára àjíǹde lọ́wọ́ bá lè dúró lẹ́nu ibojì kí Ó sì sunkún, a jẹ́ pé omijé kì í ṣe ọ̀tá ìgbàgbọ́.

Àwọn àgbà wa ní òwe kan: bí ojú bá ń sunkún, a máa ríran. Òwe náà kò sọ pé kí ojú dákẹ́ ẹkún ná kí ó tó ríran. Nínú ẹkún náà gan-an ni ojú ti ń ríran. Èyí ni ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ lálẹ́ yìí: ìgbàgbọ́ Kristẹni kò ṣe ìlérí fún wa pé a kò ní sunkún, ìlérí rẹ̀ ni pé ẹkún kò ní fọ́ wa lójú. A ó máa rí Olúwa, a ó máa rí ọ̀nà, a ó sì máa rí ọmọnìkejì wa.

Ẹ jẹ́ kí n pe ẹlẹ́rìí kan fún ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tí ẹ mọ̀ ni: Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther. Ọ̀pọ̀ wa mọ̀ ọ́n nítorí iṣẹ́ rẹ̀ lórí Bíbélì Yorùbá, tí ó jáde lódindi ní ọdún 1884. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ yìí mo fẹ́ kí a wò ó gẹ́gẹ́ bí ọmọ Yorùbá kan tí ó lo ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ ní ìdálẹ̀, tí ó sì la agbègbè tiwa yìí kọjá lórí omi Odò Ọya, nígbà tí kò tíì sí ọ̀nà ọlọ́dà láti Lokoja dé Abaji.

Ní ọdún 1821, ogun kó ìlú Òṣoògùn, ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́. Àjàyí jẹ́ ọmọ bí ọdún méjìlá tàbí mẹ́tàlá. A kó òun àti ìyá rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ lẹ́rú. A fi í pààrọ̀ ẹṣin, a tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́, a sì yà á nípá kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ lẹ́yìn náà pé ìbànújẹ́ bo òun mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí òun fi gbìyànjú lóru láti gba ẹ̀mí ara òun. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ wá lọ́kàn. Ẹni tí yóò di Bíṣọ́ọ̀bù ní ọjọ́ iwájú, ọmọdé ni nígbà tí ayé ti sú u tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ń gbọ́ mi lálẹ́ yìí tí ayé sú, mo bẹ̀ ọ́, má ṣe dá wà ní òru òní. Lọ kan ilẹ̀kùn ẹnì kan. Òru tí Àjàyí rò pé ó jẹ́ òpin ayé òun kì í ṣe òpin rẹ̀ rárá.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1822, a kó o sínú ọkọ̀ ẹrú àwọn Potogí ní Èkó. Kò pẹ́ tí ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí ń jẹ́ Myrmidon fi gbà wọ́n sílẹ̀, tí a sì kó wọn lọ sí Freetown ní ilẹ̀ Sàró. Níbẹ̀ ni ó ti kọ́ ìwé, níbẹ̀ ni ó ti gbọ́ orúkọ Jésù, níbẹ̀ ni a sì ti ṣe ìrìbọmi fún un ní ọjọ́ kọkànlá oṣù Kejìlá ọdún 1825. Nígbà tí ó kọ ìtàn ara rẹ̀ ní ọdún 1837, ó sọ pé ọjọ́ ibi tí a mú òun lẹ́rú ni a ti kọ́ òun láti pè ní ọjọ́ ìbùkún, tí a bá wò ó láti ọ̀nà mìíràn. Kò sọ pé iṣẹ́ àwọn tí ó kó ìlú rẹ̀ dára. Ibi kì í di rere nítorí pé Ọlọ́run fa rere yọ láti inú rẹ̀. Ohun tí ó ń sọ ni pé àwọn tí ó mú un lẹ́rú kọ́ ni ó ní ìkáwọ́ òpin ìtàn náà.

Ní ọdún 1841 ó bá àwọn ọkọ̀ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gòkè Odò Ọya wá sí ibi tí òun àti Bẹ́núè gbé pàdé ní Lokoja. Ibà pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn òyìnbó tí ó wà nínú ìrìn àjò náà. Ní ọdún 1843 a fi í joyè àlùfáà ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ọdún 1846 ó sì dé Abẹ́òkúta láti ṣiṣẹ́. Ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù Kẹjọ ọdún náà, ìyá rẹ̀ wá bá a níbẹ̀. Ọdún bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni wọn kò ti fojú kan ara wọn. Gẹ́gẹ́ bí ó ti ròyìn rẹ̀, kò sí ariwo, kò sí ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìyá àti ọmọ jókòó, wọ́n ń wo ara wọn pẹ̀lú ìfẹ́ àti ìyanu. Ìrora ọdún wọ̀nyẹn àti ayọ̀ ọjọ́ náà jókòó pa pọ̀ lórí ìjókòó kan. Ní oṣù Kejì ọdún 1848 a ṣe ìrìbọmi fún ìyá náà, ó sì gba orúkọ Hánà, orúkọ ìyá Sámúẹ́lì nínú Bíbélì.

Bí mo bá dúró síbẹ̀ yẹn, ọ̀rọ̀ mi yóò dùn létí, ṣùgbọ́n kì yóò jẹ́ òtítọ́ tán. Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹfà ọdún 1864, a fi Crowther jẹ Bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury, òun sì ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí Ìjọ Áńgílíkà fi sí ipò náà. Ìyẹn ha fòpin sí ìjìyà rẹ̀ bí? Rárá o. Ní ọdún 1867, nígbà tí ó ń bẹ àwọn ìjọ rẹ̀ wò lórí Odò Ọya, ìjòyè kan tí ń jẹ́ Abokko mú un ní agbègbè Ìdàh, ó sì ń bèèrè owó ìràpadà. Ọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì kan, Fell, aṣojú ìjọba wọn ní Lokoja, lọ gbà á sílẹ̀. Wọ́n rí Bíṣọ́ọ̀bù gbà, ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ń sá lọ sínú ọkọ̀, ọfà olóró ba Fell, ó sì kú.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé lẹ́bàá ọ̀nà Abuja sí Lokoja yìí, kò sí ìdí láti túmọ̀ ọ̀rọ̀ yìí fún yín. Ẹ mọ bí àwọn ajínigbé ti sọ ọ̀nà yìí di ẹ̀rù fún wa ní ọdún àìpẹ́ yìí. Ẹ mọ bí a ti ń ka iṣẹ́jú nígbà tí ẹni wa bá wà lójú ọ̀nà tí fóònù rẹ̀ kò sì lọ. Ẹ sì mọ ìdílé tí ẹnì kan padà sí, tí ẹnì kejì kò padà sí. Báwo ni Crowther yóò ṣe dúpẹ́ ní ọjọ́ tí a tú u sílẹ̀, tí ẹni tí ó wá tú u sílẹ̀ sì kú? Tibi tire ni ó dé bá a ní wákàtí kan náà. Kò fi iṣẹ́ sílẹ̀ ṣá o. Ó lé ní ogún ọdún tí ó tún fi ń gòkè tí ó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí odò náà.

Ní ọdún 1880 ó pàdánù aya rẹ̀, Susan, tí òun náà jẹ́ ẹni tí a gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ òwò ẹrú. Ní ọdún 1890, nígbà tí ó ti darúgbó, àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nárì òyìnbó kan bu ẹ̀tẹ́ lù ú, wọ́n fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn nínú iṣẹ́ tí ó fi ayé rẹ̀ ṣe. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Kejìlá ọdún 1891. Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹfà ọdún 2014, tí ó pé àádọ́jọ ọdún tí a ti fi í jẹ Bíṣọ́ọ̀bù, ni Justin Welby, tí ó jẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Canterbury nígbà náà, tó tọrọ àforíjì ní gbangba fún ìwà tí Ìjọ hù sí i. Òun kò gbọ́ àforíjì náà ní ayé yìí. Ìwòsàn mìíràn wà tí kì í dé ní ìṣojú ẹni. A rí ìyá padà. Ọlá ilé ayé kò padà. Àdúrà kan gbà bí a ti gbà á; òmíràn wà lọ́wọ́ Ọlọ́run títí di òní.

Kí wá ni ìwòsàn? Nígbà tí Olúwa wa jí dìde, Ó fi ọwọ́ Rẹ̀ àti ìhà Rẹ̀ han Tọ́másì. Àpá ìṣó wà níbẹ̀. Ara àjíǹde ni, tí ikú kò lè fọwọ́ kàn mọ́, síbẹ̀ àpá kò parẹ́. Egbò a máa jinná, àpá a sì máa kù. Ẹni tí ó bá ní kí o fi àpá hàn pé o kò ní ìgbàgbọ́, kò tíì wo ọwọ́ Jésù dáadáa. Ìwòsàn kì í ṣe kí a gbàgbé. Ìwòsàn ni kí a lè fọwọ́ kan ojú egbò náà, kí ó má sì gba ayé mọ́ wa lọ́wọ́.

Nítorí náà, mo fẹ́ gba yín ní ìmọ̀ràn mẹ́ta.

Èkínní, ẹ jẹ́ kí ẹni tí ó ń sunkún sunkún. Ó le púpọ̀ fún àwa tí a wà ní ìdálẹ̀. Ènìyàn yóò gbọ́ ikú bàbá rẹ̀ lórí fóònù ní ìdájí, yóò nu ojú rẹ̀, yóò sì lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù ní òwúrọ̀, nítorí pé kò sí ẹbí nítòsí tí yóò jókòó tì í. Ẹkún tí a kò sun a máa di àìsàn. Ẹ̀yin ọkùnrin, Jésù sunkún. Ẹ̀yin ta ni?

Èkejì, ẹ má ṣe ya àdúrà nípá kúrò lára ìtọ́jú. Lúùkù, ẹni tí ó kọ ọ̀kan nínú ìwé Ìhìn Rere, oníṣègùn ni, Pọ́ọ̀lù sì pè é ní olùfẹ́. Ẹni tí ó lo oògùn kò fi Ọlọ́run sílẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ fún yín pé àìsàn kò lọ nítorí pé ìgbàgbọ́ yín kéré, tàbí pé ọrẹ tí ẹ mú wá ni kò tó, ẹ rán an létí ẹ̀gún tí ó wà lára Pọ́ọ̀lù Àpọ́sítélì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó bẹ̀bẹ̀ kí a mú un kúrò. Oore-ọ̀fẹ́ ni Olúwa fún un, kì í ṣe ẹ̀bi.

Ẹ̀kẹta, ẹ jẹ́ kí ayọ̀ àti ìbànújẹ́ máa bẹ ara wọn wò. Pọ́ọ̀lù kọ́ àwọn ará Róòmù láti bá aláyọ̀ yọ̀ àti láti bá ẹlẹ́kún sunkún. Èyí jù bí a ti ń rò lọ. Aláyọ̀ a máa bẹ̀rù láti wọ ilé ọ̀fọ̀, kí a má baà sọ pé ó wá yangàn. Ẹni tí ọ̀fọ̀ sì ṣẹ̀ a máa yẹra fún ilé aláyọ̀, kí a má baà pè é ní aláìríre. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń fi ara wa sílẹ̀ nígbà tí a nílò ara wa jù lọ.

Mo padà lọ sí ilé ìyá tí mo sọ̀rọ̀ wọn. Lọ́tẹ̀ yìí n kò mú ọ̀rọ̀ kankan dání. Mo jókòó tì wọ́n títí ilẹ̀ fi ṣú. Àwọn náà kò sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo dìde, wọ́n ní, “Ẹ ṣeun, Bàbá.” Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, mo gbọ́ pé ìyá ọmọ tuntun ọjọ́ Ìṣẹ́gun kọjá ní ẹnu ọ̀nà ilé náà, ó ń yára lọ, ó sì tẹ orí ba. Ìyá wa ni ó pè é padà pé, “Gbé ọmọ yẹn wá kí n gbé e.” Ó gbé e fún wọn. Wọ́n gbé e lé àyà, omijé ń ṣàn lójú wọn, wọ́n sì ń ki ọmọ náà ní oríkì. Nígbà tí mo tún rí wọn, mo bèèrè bí ara ti rí. Wọ́n ní, “N kò tíì rí ìdáhùn ìbéèrè mi o, Bàbá. Ṣùgbọ́n ilé mi kò ṣófo.”

Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, èmi náà kò lè sọ fún ìyá yìí ìdí tí ọmọ wọn fi lọ. Ṣùgbọ́n mo lè dáhùn ìbéèrè tí wọ́n bi mí. Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá, Ó wà níbẹ̀. Ẹni tí ó sunkún lẹ́nu ibojì ní Bẹ́tánì wà lẹ́bàá ibùsùn náà ní òru yẹn, kò sì tíì kúrò nínú ilé yín.

Ẹ jẹ́ kí a gbàdúrà. Baba wa ọ̀run, rántí àwọn tí ń yọ̀ lálẹ́ yìí, kí o sì jẹ́ kí ayọ̀ wọn kan ilé ẹlòmíràn. Rántí àwọn tí ń sunkún, kí o má ṣe jẹ́ kí ẹkún fọ́ wọn lójú. Ṣọ́ gbogbo ẹni tí ó wà lójú ọ̀nà. Mú àwọn tí ó wà ní ìgbèkùn padà sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn wọn. Dúró ti àwọn tí ilé jìnnà sí, títí a ó fi pàdé nínú ilé kan ṣoṣo tí kò ní ìdálẹ̀. Nípasẹ̀ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ bí Olúwa bá fẹ́. Ó dàárọ̀ o.